Àwọ̀n Ìkarahun Tó Bọ́ Sísàlẹ̀ Ọ̀sà

Òórùn ẹrẹ̀ ni ó kọ́kọ́ pàdé wa, kí ojú wa tó kan omi. Ẹrẹ̀ etí ọ̀sà kò jọ ẹrẹ̀ ojú títì wa ní Òkè-Sopen, ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ewé tó ti jẹrà wà nínú rẹ̀, èéfín ẹja tí wọ́n ń yan wà nínú rẹ̀, nǹkan kan tó dà bí irin tó ti dípẹtà náà sì wà níbẹ̀, tí ó máa ń lẹ̀ mọ́ni nímú títí di alẹ́. Títí di òní, bí mo bá gba ẹ̀gbẹ́ àwọn tó ń ta ẹja tútù kọjá lọ́jà, ọjọ́ Sátidé yẹn ni ó máa ń sọ sí mi lọ́kàn. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ọ rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí a ti jọ mọra. Kì í ṣe pé mo fi pamọ́. Ó kàn jẹ́ pé nígbà tí mo bá rò pé mo fẹ́ sọ ọ́, mo máa ń rántí bí mo ṣe rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò tí mo yà, ẹnu mi á sì pa dé.

Ọdún kẹta ni mo wà ní yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè. Olùkọ́ kan ló ń kọ́ wa nípa àwọn ẹ̀dá inú omi, ọkùnrin tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí kì í pariwo, tó sì máa ń wọ aago ńlá kan tó tóbi ju ọrùn ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ó ní ẹni tó bá mọ ìkarahun nínú ìwé nìkan kò mọ nǹkan kan. Ó wá bọ́ọ̀sì kan, àwa mẹ́rìndínlógún sì kó sínú rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo ti kírun Àsùbáà tán kí n tó jáde. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá, ọmọ Èkìtì, jókòó tì mí. Kò rí ọ̀sà rí láyé rẹ̀, orí òkè ni wọ́n bí i sí, gbogbo bí igbó gẹdú ṣe ń kọjá lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ìbéèrè ni ó ń bi mí, bí ẹni pé èmi tí mo jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, tí mo dàgbà sáàárín ilé àti igi kòkó, mọ nǹkan kan nípa omi. A kọjá Ìbíadé, a gba ọ̀nà yẹ̀pẹ̀ kan wọlé, òórùn tí mo ń sọ yẹn sì wọnú bọ́ọ̀sì wá bá wa.

Obìnrin kan ló ni ọgbà náà. Ìyá Oníkarahun ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó ṣeé ṣe kó ti tó ẹni àádọ́ta ọdún, ara rẹ̀ le, ó wé gèlè kékeré mọ́rí bí ẹni tó ń lọ sóko, ìró rẹ̀ sì máa ń tutù láti orúnkún lọ sísàlẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ọgbà tí mo ń wí yìí, inú omi ló wà. Wọ́n ri ọparun mọ́lẹ̀ ní ìlà-ìlà, wọ́n fi ọparun mìíràn dábùú wọn, wọ́n wá so àwọ̀n rọ̀ sínú omi lára rẹ̀. Inú àwọ̀n wọ̀nyẹn ni àwọn ìkarahun wà. Kì í ṣe irú ti ìgbín o. Aláwẹ́ méjì ni, bí obì, ó máa ń yanu díẹ̀ láti mumi, ó sì máa ń pa á dé bí ènìyàn bá fọwọ́ kàn án. Àfárá pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni a gbà rìn dé àárín wọn.

Ó mú ọ̀kan jáde, ó jókòó lórí àpótí, ó sì fi ọ̀bẹ kékeré kan tí etí rẹ̀ kò mú ṣí i ní ìwọ̀n ìbú èékánná. "Ẹ má fipá ya á o," ni ó wí. "Bí ẹ bá fipá ya á, ó kú nìyẹn." Ó fi nǹkan róbótó kékeré kan, tí wọ́n gbẹ́ láti ara ìkarahun mìíràn, sínú ẹran rẹ̀, ó sì jẹ́ kó pa ẹnu dé. Ó ní ara ẹ̀dá yìí kò ní gba àlejò náà, kò sì ní lè tu ú dànù tí ó bá ti wọlé dáadáa. Ohun tí yóò máa ṣe ni pé yóò máa fi omi ara rẹ̀ bò ó, ìpele lórí ìpele, oṣù lórí oṣù, títí yóò fi di péálì, ìlẹ̀kẹ̀ dídán tí àwọn ìyàwó ń fi sọ́rùn. Ọ̀rẹ́ mi bi í pé báwo ni ó ṣe máa ń mọ̀ pé ó ti di péálì nínú lọ́hùn-ún. Ó rẹ́rìn-ín. "Mi ò mọ̀. Ọjọ́ tí mo bá ṣí i ni mo máa mọ̀."

Ìgbà tí olùkọ́ wa béèrè bóyá ó ti ṣí ọ̀kan rí tó bá péálì nínú rẹ̀ ni ó tó sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí fún wa, láìmú ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ tàbí sókè. Omi ibẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Ti ìdílé ọkọ rẹ̀ ni. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn àbúrò ọkọ sì fẹ́ gba ibẹ̀ láti fi ṣe ọgbà ẹja. Àwọn àgbà ìdílé fún un ní ẹ̀ẹ̀rùn méjì pé kó fi hàn wọ́n pé ohun tó ń ṣe ní orí àti ìdí. Ẹ̀ẹ̀rùn kejì ni a wà yẹn. Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ tó ń bọ̀, tí wọ́n bá ti kírun tán, wọn yóò wá jókòó sétí omi, yóò sì ṣí ìkarahun lójú wọn. Ìkarahun inú àwọ̀n kan ṣoṣo ni ó dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Ìkún omi ọdún tó kọjá ti gbé gbogbo àwọn tó kù nínú èyí tó kọ́kọ́ ṣe lọ. Ó nawọ́ sí òpó kan níparí àfárá tí ó so aṣọ pupa mọ́. "Èyí tó wà lábẹ́ aṣọ pupa yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan okùn rẹ̀."

Kí n má parọ́ fún ọ, mo gbọ́ ohun tó sọ dáadáa.

Àwọn yòókù lọ sábẹ́ àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ láti lọ wo àwọn kéékèèké tó wà nínú agbada omi. Èmi dúró sẹ́yìn lórí àfárá. Fọ́tò ni mo ń wá. Mo ti ya omi, mo ti ya ọkọ̀ ojú omi, wọn kò jọ mí lójú. Mo fẹ́ èyí tí èmi fúnra mi yóò ti gbé àwọ̀n sókè, tí omi yóò máa kán sílẹ̀ lára rẹ̀, kí àwọn tí a jọ ṣe ilé-ìwé girama lè rí i. Mo gbé fóònù mi ti òpó, mo fi sí iye ìṣẹ́jú àáyá tí yóò fi dúró kó tó yà. Àwọ̀n abẹ́ aṣọ pupa ló tóbi jù, òun ni mo mú. Okùn rẹ̀ kò gùn tó láti gbé e sókè dáadáa, ni mo bá tú u. Ó wúwo ju bí mo ṣe rò lọ. Mo gbé e, mo rẹ́rìn-ín, fóònù yà á. Mo rọra sọ ọ́ kalẹ̀ padà, mo sì so okùn mọ́ ọparun bí mo ṣe ń so ẹnu àpò gàrí. N kò tíì rìn ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ nígbà tí mo gbọ́ "gbọ́lọ́" lẹ́yìn mi. Nígbà tí mo fi yíjú padà, ìdí okùn ni mo rí tó ń yọ́ lọ lórí ọparun. Omi hó díẹ̀, ó sì pa dé.

Mo dúró níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí mi. Ẹ̀rín wọn ń dún lábẹ́ àtíbàbà. Aṣọ pupa náà ń mì lára òpó bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Mo rìn lọ bá wọn, ọ̀rẹ́ mi wo ojú mi, ó ní, "Ṣé kò sí?" Mo ní kò sí, oòrùn ni.

Nígbà tí Àìlà tó, Ìyá Oníkarahun gbé búútà jáde, ó tẹ́ ẹní sábẹ́ igi fún àwa tí a jẹ́ Mùsùlùmí. Etí ọ̀sà náà ni mo ti ṣe àlùwàlá. Èjìká rẹ̀ àti tèmi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn lórí ẹní. N kò lè sọ iye rákà tí mo kí. Nígbà tí a ṣe sàlámà tán, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, "Kí Ọlọ́hun gbà á lọ́wọ́ wa." Mo ní àmín. Ó wá fún wa ní gàrí àti ẹja yíyan. Mo jẹ ẹ́.

Bọ́ọ̀sì wa gbéra. Ní Ìbíadé, dírẹ́bà dúró kí a lè ra ẹja gbígbẹ lọ sílé. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ nínú ara mi. Okùn máa ń gbó. Omi máa ń fa nǹkan. Ọkọ̀ apẹja lè gbá òpó. Obìnrin náà yóò rò pé bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ṣẹlẹ̀, n kò sì ní padà síbẹ̀ mọ́ láyé mi. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ara mi gbọ́. Ibẹ̀ ni a wà tí ọ̀rẹ́ mi, tí ìbéèrè kì í tán lẹ́nu rẹ̀, fi bi olùkọ́ wa léèrè pé kí ló dé tí wọ́n ń dààmú láti so àwọn ìkarahun yẹn rọ̀, ṣebí ìsàlẹ̀ odò ni Ọlọ́run dá wọn sí.

Olùkọ́ wa ní, "Tí wọ́n bá wà láyè ara wọn, wọ́n á rìn kúrò níbi tí ẹrẹ̀ bá ti pọ̀. Inú àwọ̀n, wọ́n ti dì wọ́n pa pọ̀. Tí ẹrẹ̀ bá bò wọ́n, wọn ò ní lè mí. Tó bá fi máa di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìkarahun òfìfo ni wàá kó."

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbọ́ nínú gbogbo ohun tó sọ: àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìyẹn ni pé wọ́n ṣì wà láàyè. Ní ìṣẹ́jú tí mo fi jókòó síbẹ̀ tí mo di àpò ẹja lọ́wọ́ yẹn, wọ́n wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n sì wà láàyè. Mo ti ń ronú nípa rẹ̀ bí ohun tó ti bàjẹ́ tán, tí ó ku kí n wá bí n ó ṣe gbé e lé èjìká. Kò tíì bàjẹ́ tán.

Mo dìde, mo sọ ohun tí mo ṣe fún olùkọ́ wa níwájú gbogbo wọn, nítorí n kò rí àyè pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀rẹ́ mi fọwọ́ bo ẹnu. Olùkọ́ kò pariwo. "Ìgbà wo?" Mo ní kí a tó kírun ni. Ó wo aago rẹ̀. "Sọ̀kalẹ̀," ni ó wí.

Dírẹ́bà ní òun kò ní fi bọ́ọ̀sì gba ọ̀nà yẹ̀pẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, àwọn yòókù sì bẹ̀rẹ̀ sí kùn. Wọ́n dúró dè wá ní Ìbíadé. Èmi àti olùkọ́ gun ọ̀kadà méjì padà. Ní gbogbo ojú ọ̀nà, mo ń gbàdúrà pé kí a má bá a nílé, mo sì ń gbàdúrà pé kí a bá a.

Ó ń fọ agbada nígbà tí a dé. "Ẹ gbàgbé nǹkan ni?"

Mo kúnlẹ̀ sínú yẹ̀pẹ̀. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo tú okùn. Mo so ó padà, kò mú."

"Okùn èwo?"

Mo nawọ́ sí aṣọ pupa. Ó ju agbada sílẹ̀, ó sáré gorí àfárá, ó sì tẹ̀ba wo omi fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó yíjú padà, èdè Ìjẹ̀bú wa tí kò fi bá wa sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ ni ó jáde lẹ́nu rẹ̀. "Lèésì rán ẹ?" Ta ló rán mi. Ó rò pé àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀ ni ó rán mi. Ì bá gbá mi létí, ì bá sàn fún mi. Olùkọ́ wa bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀ ẹ́, ó ń pe ara rẹ̀ lẹ́bi pé òun ni òun kó wa wá. Kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. "Tíṣà, ẹ fi ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀ ná. Ẹ jẹ́ kó bọ́ bàtà ẹ̀."

Mo sọ fún un pé n kò mọ̀wẹ̀. Ó ní òun kò rán mi ní ìwẹ̀, kí n di òpó mú, kí n fi ẹsẹ̀ wá a. Omi náà dé mi láyà, ó sì dé mi lọ́rùn láwọn ibì kan. Lókè, ó lọ́wọ́ọ́wọ́. Nísàlẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ wà, ó tutù bí omi inú àmù. Ẹrẹ̀ gbé mi mì dé agbede ojúgun. Mo ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tọ nǹkan kiri: ìtì igi, ìgò, nǹkan kan tó yọ̀ tó sì sá lọ. Olùkọ́ náà ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó rí i pé kò sí àǹfààní nínú ìyẹn, ó bọ́ aago rẹ̀ sínú bàtà, ó sì wọlé pẹ̀lú gbogbo aṣọ lára. Ìyá Oníkarahun náà bọ́ sómi, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ń rìn yí òpó kan ṣoṣo ká. Oòrùn ti ń lọ sẹ́yìn igi ọ̀pẹ. Ìgbà méjì ni Ìyá Oníkarahun rì wọlé tó sì jáde lọ́wọ́ òfo.

Lẹ́yìn náà ni nǹkan gún mi látẹ́lẹsẹ̀, ó sì fọ́ lábẹ́ mi bí ẹyin. Mo kígbe pé mo ti tẹ̀ ẹ́. "Má kúrò níbẹ̀!" Ó dì mí lẹ́sẹ̀ mú nínú omi, ó rì lọ sísàlẹ̀ lára mi, nígbà tó sì jáde, okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. A jọ fà á. Àwọ̀n náà jáde wá, ó dúdú, ẹrẹ̀ ń ṣàn lára rẹ̀.

A fi omi mímọ́ fọ̀ ọ́ nígbà mẹ́ta. Ó tẹ́ wọn sórí ẹní lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ kàn wọ́n, ó sì ń dúró kó rí i bóyá wọ́n á panu dé. Àwọn kan yára, àwọn kan lọ́ra gan-an. Méjì kò pa á dé rárá. Ó mú èyí tí mo fi ẹsẹ̀ fọ́, ó fi àtàńpàkò tẹ inú ẹran rẹ̀ yíká, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó ti tu ohun tí wọ́n fi sínú rẹ̀ dànù, bóyá láti oṣù kìíní. Láti ìgbà tí a ti dé, ìbínú nìkan ni mo rí lójú rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí ẹ̀rù. Ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kì í ṣe fún wa: "Tó bá jẹ́ báyìí ni gbogbo wọn rí ńkọ́?"

Ó gbé àwọ̀n padà sínú omi, ó sì nà mí ní okùn. "So ó." Mo so ó, ó fà á, ó tú. Ó fi hàn mí bí a ṣe ń yí i lẹ́ẹ̀mejì kí a tó kì í bọ inú. Mo so ó, ó fà á, ó tú. Ìgbà kẹta, kò tú. Ó ní, "Ẹ máa lọ, ilẹ̀ ń ṣú lọ." Kò sọ pé kò burú. Kò sọ pé òun ti dárí jì mí. Lórí ọ̀kadà ni mo ti pa fọ́tò náà rẹ́.

Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀, mo padà lọ fúnra mi. Mo pa kíláàsì kan jẹ, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni àfi ọ̀rẹ́ mi. Mo jókòó lọ́ọ̀ọ́kán. Àwọn àgbà mẹ́ta wà lórí àga nínú aṣọ funfun, àbúrò ọkọ kan dúró lẹ́yìn wọn, ó ká ọwọ́ lẹ́rán. Ìyá Oníkarahun ṣí àkọ́kọ́. Òfo. Ó ṣí èkejì. Òfo. Àbúrò ọkọ fi imú rẹ́rìn-ín. Ó mú ẹ̀kẹta, ó gbé e sétí, bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ nǹkan, ó wá rọra ṣí i, ó sì fi ìka wá inú rẹ̀ títí. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Ohun tó yọ jáde kò róbótó dáadáa. Apá kan rẹ̀ pẹlẹbẹ, kò ju hóró àgbàdo lọ, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí wàrà tí a ta eérú díẹ̀ sí. Ó fi omi fọ̀ ọ́, ó sì gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ àgbà tó dàgbà jù. Baba náà yí i síbìí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó gbé e sún mọ́ ojú. "Ṣé inú omi wa yìí ni èyí ti jáde?" Ó fi lé ọwọ́ ẹnìkejì rẹ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n jiyàn, àbúrò ọkọ ní ọ̀kan kì í ṣe nǹkan kan. Níkẹyìn, wọn kò fún un ní ibẹ̀ pátápátá. Ẹ̀ẹ̀rùn kan sí i ni wọ́n fún un. Ó dúpẹ́ lórí ìkúnlẹ̀.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó rí mi. "O wá," ni ó wí.

"Mo wá, mà."

"Àwọn àwọ̀n apá ọ̀hún ń fẹ́ fífọ̀."

Mo bọ́ bàtà, mo lọ fọ̀ wọ́n. Mo ń lọ bẹ́ẹ̀ láwọn Sátidé kan títí mo fi ṣe ìdánwò àṣejáde. A kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kò mẹ́nu kan ọjọ́ yẹn mọ́ rí, èmi náà kò sì mẹ́nu kàn án. Ọgbà náà ṣì wà níbẹ̀, mo gbọ́ pé ó ti pọ̀ díẹ̀ sí i.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí mo rò pé mo kọ́ níbẹ̀ ni pé ó dára kí ènìyàn máa jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n mo ti ń jẹ́wọ́ láti kékeré. Mo máa ń jẹ́wọ́ nígbà tí ọkàn mi bá ti rù ú títí tí ó rẹ̀ ẹ́, tí ohun tó bàjẹ́ ti bàjẹ́ tán, tí ẹni tí mo ṣẹ̀ kò ní ohun tí yóò fi òótọ́ mi ṣe ju kó dárí jì mí lọ. Bí mo bá ti dúró di ọjọ́ Sátidé kejì, tí mo fi omijé lọ bá obìnrin yẹn, ara èmi nìkan ni ì bá fúyẹ́. Òun ì bá ti dúró níwájú àwọn àgbà pẹ̀lú ìkarahun òfìfo. Ìgbà tí ó gbọ́ ọ ni ó wúlò fún un, kì í ṣe bí mo ṣe kúnlẹ̀.

Ìwọ náà mọ̀ pé yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni mo ń bá ṣiṣẹ́ báyìí, ní ilé ìwòsàn kékeré kan nílé níbí. Ní ọdún tó kọjá, mo fi orúkọ ẹnì kan sára ìgò ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn. Ìyá kan láti Ìlápòrú ni ó gba ìwé èsì tí kì í ṣe tirẹ̀, ó sì ti lọ. Nígbà tí mo rí ohun tí mo ṣe, mi ò dúró wá ọ̀rọ̀ tí n ó fi bẹ̀rẹ̀. Mo pè é lórí fóònù lójú ẹsẹ̀, mo ní kó má tíì ra oògùn, mo ní àṣìṣe èmi ni, kó jọ̀wọ́ padà wá. Ó padà wá nínú oòrùn ọ̀sán. Ó pòṣé sí mi lójú gbogbo ènìyàn, ó ní irú wa ló ń pa ènìyàn, ó sì na apá kí n fa ẹ̀jẹ̀ mìíràn. Inú bí i sí mi títí tó fi jáde. Àmọ́ oògùn tó yẹ ẹ́ ni ó gbé lọ sílé.